Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Tú Nọ́ńbà Ńlá Palẹ̀

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ 1,234,567,890 sókè ojú ewé, kí ẹ sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yìí la ó fi ṣiṣẹ́ jálẹ̀ orí yìí. Mo yàn án nítorí pé kò sẹ́ni tó máa gbàgbé rẹ̀, àti nítorí pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dé.

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ná. Olùpín nọ́ńbà kan ni èyí tó pín in tí ohunkóhun kò ṣẹ́ kù: 3 jẹ́ olùpín 12, 5 kì í ṣe olùpín 12. Nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò ní olùpín mìíràn ju 1 àti ara rẹ̀ lọ, ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní púráìmù: 2, 3, 5, 7, 11, 13, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ní olùpín mìíràn ni a ó máa pè ní nọ́ńbà àdàpọ̀, torí pé àwọn púráìmù ló para pọ̀ di òun. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè gbà para pọ̀ di nọ́ńbà kan. Ibi yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, àwọn púráìmù kan náà lẹ máa bá nísàlẹ̀. Nínú ìṣirò àwọn baba wa, ẹni tó bá pe 60,000 ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta ti ń tú u palẹ̀ kó tó panu dé.

Láti 1,000,000,000 dé 9,999,999,999, púráìmù tó wà níbẹ̀ jẹ́ 404,204,977. Ó pọ̀ létí lóòótọ́, àmọ́ bílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni gbogbo nọ́ńbà ọ̀hún. Bí ẹ bá ṣàdédé fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn, bí ẹyọ kan nínú 22 ló lè jẹ́ púráìmù. Gbogbo àwọn tó kù ló ṣe é tú. Ohun tí a ò mọ̀ ni bó ṣe máa gbà wá lásìkò tó.

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn wẹ́wẹ́

Ẹyọ tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ 0, 2, 4, 6 tàbí 8, 2 máa pín in; bó bá jẹ́ 0 tàbí 5, 5 máa pín in. Tiwa fi 0 parí, a jẹ́ pé 2 àti 5 jọ wà nínú rẹ̀. Ẹ gé òdo náà dànù, ó ku 123,456,789. Èyí fi 9 parí, nítorí náà a ti bọ́ lọ́wọ́ 2 àti 5 pátápátá.

Ẹ wá ro àwọn ẹyọ rẹ̀ pọ̀, láti 1 dé 9. Ó jẹ́ 45. 9 pín 45, nítorí náà 9 máa pín nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le. 10 fi 1 ju 9 lọ, 100 fi 1 ju 99 lọ, 1,000 fi 1 ju 999 lọ. Bí ẹ bá fi 9 pín 700, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò yàtọ̀ sí ohun tó máa ṣẹ́ kù bí ẹ bá fi 9 pín 7. Ipò tí ẹyọ kan wà kò jẹ́ nǹkan kan lójú 9. Iye rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá nọ́ńbà tiwa. Ẹ fi 0 dé 9 kọ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́wàá, kí ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kí ẹ tò ó, 9 máa pín in. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3,265,920, púráìmù kan ṣoṣo kò sì sí láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè máa tò wọ́n lọ.

Bí a bá fi 9 pín 123,456,789, a ó rí 13,717,421. Ẹ tún ro àwọn ẹyọ èyí pọ̀: 26. 3 kò pín 26, a jẹ́ pé 3 náà ti tán níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà lórí ìwé yín báyìí nìyí:

1,234,567,890 = 2 × 3 × 3 × 5 × 13,717,421

Ọgbọ́n kan wà tó ń dán 7, 11 àti 13 wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kù lọ. 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13 jẹ́ 1,001. Nítorí èyí, ẹ gé nọ́ńbà náà ní mẹ́ta-mẹ́ta bí kọ́mà ti gé e: 13, 717, 421. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ mú 421, ẹ yọ 717 kúrò, kí ẹ ro 13 mọ́ ọn. Ó jẹ́ −283. Àmì ìyọkúrò yẹn kò dí wa lọ́wọ́, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi 7 pín 283, ó ṣẹ́ ku 3. Ẹ fi 11 pín in, ó ṣẹ́ ku 8. Ẹ fi 13 pín in, ó ṣẹ́ ku 10. Kò sí èyí tó wọlé nínú wọn, a ò sì tíì fọwọ́ kan mílíọ̀nù kankan.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò lẹ ń lò, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi í wá àṣẹ́kù. Ẹ fi 17 pín 13,717,421, yóò gbé 806,907.117 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ gbójú fo ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà, ẹ fi 17 sọ 806,907 di púpọ̀, ẹ ó rí 13,717,419. Ó dín 2 sí tiwa, 2 ni àṣẹ́kù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iye ẹ̀yìn àmì nìkan, pàápàá bí nọ́ńbà bá ti gùn kọjá ẹyọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń gé ìrù rẹ̀ kúrò láìsọ fún yín.

Àwọn Casio kan wà tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń lò, tó ní ibi tí wọ́n kọ FACT sí. Ẹ tẹ nọ́ńbà wa sínú rẹ̀, ẹ tẹ àmì ọgbọọgba, kí ẹ tó tẹ FACT. Yóò kọ 2, 3, 3 àti 5 fún yín wẹ́rẹ́, yóò sì fi àkámọ́ há 13717421 mọ́lẹ̀. Àkámọ́ yẹn kò sọ pé púráìmù ni. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn púráìmù tí kò ju ẹyọ mẹ́ta lọ nìkan lòun ń wá, òun ti wá wọn tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn

Ìwé ilé-ìwé á ní kí ẹ máa bá a lọ: 17, 19, 23, 29, 31, títí ẹ ó fi dé gbòǹgbò nọ́ńbà náà. Gbòǹgbò ni èyí tó jẹ́ pé, bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, nọ́ńbà náà la máa rí. Gbòǹgbò 25 ni 5. Bí olùpín méjì bá para pọ̀ di nọ́ńbà kan, àwọn méjèèjì kò lè jọ ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ, nítorí náà èyí tó kéré kò lè kọjá ibẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò 13,717,421 jẹ́ 3,703 àti díẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbé púráìmù lé púráìmù láti 2, orí púráìmù tó wà ní ipò 504 ló ti máa rí ohun tó ń wá. Èmi ò ní í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi ọwọ́ ṣe é.

Bí ẹ bá ti yọ àwọn wẹ́wẹ́ tán, tí ohun tó kù sì tóbi, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba àárín wọlé.

Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ kóòtù ní Toulouse, tó sì ń fi ìṣirò ṣe eré ọwọ́dilẹ̀, ló kọ ọ̀nà yìí sínú lẹ́tà kan ní 1643. Ẹ mú 5 àti 7. Àárín wọn ni 6, 1 sì ni ìjìnnà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí 6. 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Ẹ yọ 1 lọ́nà 1 kúrò, ó ku 35, 35 náà sì ni 5 lọ́nà 7. Ẹ mú 9 àti 15. Àárín wọn 12, ìjìnnà 3. 144 yọ 9, ó ku 135, òun náà ni 9 lọ́nà 15. Kò sí nọ́ńbà méjì tí èyí kò bá mu. Bí 2 kò bá ti pín nọ́ńbà tí a fẹ́ tú, àárín àwọn olùpín rẹ̀ kì í ní ìlàjì, ó máa ń gún régé. Nítorí náà, dípò ká máa wá olùpín, àárín la ó máa wá. Kò sì sí ibòmíràn tí àárín náà lè wà ju láti gbòǹgbò sókè lọ.

Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ ju gbòǹgbò wa lọ ni 3,704. 3,704 lọ́nà 3,704 jẹ́ 13,719,616. Ẹ yọ 13,717,421 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 2,195. Ṣé nọ́ńbà kan wà tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ká fi rí 2,195? Rárá, ẹ ò sì nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po ara ẹni tó bá fi 5 parí, 25 ló gbọ́dọ̀ fi parí. 95 lèyí fi parí. Ìlọ́po ara ẹni kì í sì í fi 2, 3, 7 tàbí 8 parí láé. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, wọn á gbà yín lọ́wọ́ làálàá púpọ̀.

Ó yá, 3,705. Ẹ má wulẹ̀ tún ìsọdipúpọ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ro 3,704 àti 3,705 pọ̀, ó jẹ́ 7,409, kí ẹ fi kún 2,195 tí a ti ní lọ́wọ́. Ó di 9,604. Ó fi 4 parí, ìyẹn ò burú. 98 lọ́nà 98 ńkọ́? 98 lọ́nà 100 jẹ́ 9,800, ẹ yọ 98 kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 9,604. Ọwọ́ ti bà á.

Àárín ni 3,705, ìjìnnà ni 98. Ẹ yọ ọ́, ó jẹ́ 3,607. Ẹ ro ó, ó jẹ́ 3,803.

13,717,421 = 3,607 × 3,803

Ìgbésẹ̀ méjì péré, níbi tí ẹlòmíràn ti fẹ́ dán ohun tó lé ní 500 wò. Nọ́ńbà tí Fermat fúnra rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ ni 2,027,651,281. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 45,030, ó sì bá àárín náà ní 45,041, ìgbésẹ̀ kejìlá.

Ẹ má tíì gbé bírò sílẹ̀. Ó yẹ ká mọ̀ bóyá 3,607 àti 3,803 ṣì ṣe é tú. Gbòǹgbò 3,607 fi díẹ̀ ju 60 lọ, nítorí náà ẹ fi àwọn púráìmù láti 7 dé 59 dán an wò. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Fún 3,803, ẹ fi 61 kún un. Kò sí èyíkéyìí tó máa pín wọn láìṣẹ́kù. Púráìmù làwọn méjèèjì, iṣẹ́ sì parí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní Termux lórí fóònù Android rẹ̀ lè tẹ factor 1234567890 kó fi yẹ ìwé ara rẹ̀ wò: 2 3 3 5 3607 3803 ló máa jáde.

Ohun tí ìtúpalẹ̀ ń bí

Ẹni tó bá ti ní àwọn púráìmù lọ́wọ́ kò ní láti wá ohun tó kù kiri. Ẹ jẹ́ ká ka gbogbo olùpín 1,234,567,890. Olùpín kan lè mú 2 tàbí kó fi í sílẹ̀, ọ̀nà méjì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5, 3,607 àti 3,803. Ṣùgbọ́n 3 fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ọ̀nà mẹ́ta ni tirẹ̀: ká má mú un rárá, ká mú ẹyọ kan, tàbí ká mú méjèèjì. 2 × 3 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 48. Olùpín 48, kò lé, kò dín.

Àwọn 48 yìí ń rìn ní méjì-méjì. Bí ẹnì kan bá ní bíríkì 1,234,567,890, tó fẹ́ tò ó sílẹ̀ ní ìlà tó gùn dọ́gba láìsí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù, 24 ni irú àgbékalẹ̀ tó lè ṣe. Èyí tó sún mọ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba jù lọ ni ìlà 34,227 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíríkì 36,070. Ẹ wò ó dáadáa: 9 lọ́nà 3,803 ni èkíní, 10 lọ́nà 3,607 ni èkejì. Àwọn púráìmù ńlá méjèèjì pín ọ̀nà, àwọn kékeré sì bá wọn dọ́gbọ́n sí i.

Àròpọ̀ àwọn olùpín náà kò gba kíkọ wọn sílẹ̀. Fún 2, ẹ ro 1 àti 2 pọ̀, ó jẹ́ 3. Fún 3 tó wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ro 1, 3 àti 9 pọ̀, ó jẹ́ 13. Fún 5, ó jẹ́ 6. Fún àwọn ńlá, 3,608 àti 3,804. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, 3,211,610,688. Ẹ yọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku 1,977,042,798, ìyẹn sì ju nọ́ńbà tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Nicomachus ará Gerasa, ní nǹkan bí ọdún 100 Sànmánì Kristi, pín nọ́ńbà sí mẹ́ta báyìí: èyí tí àwọn olùpín rẹ̀ kò tó o, èyí tí wọ́n tó o gẹ́lẹ́ bíi 6 (1, 2 àti 3), àti èyí tí wọ́n pọ̀ jù ú lọ. Ọ̀wọ́ kẹta ni tiwa.

Ó tún ku iye nọ́ńbà tó wà láti 1 dé 1,234,567,890 tí kò bá a pín olùpín kankan yàtọ̀ sí 1. Ẹ dín 1 kù nínú púráìmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí 3 kan dúró bó ṣe wà torí pé ó wá lẹ́ẹ̀mejì: 1 × 2 × 3 × 4 × 3,606 × 3,802. Ó jẹ́ 329,040,288, bíi mẹ́rin nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi èyí pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a máa tó nílò rẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà náà láti ẹ̀yìn wá síwájú láìka òdo: 987,654,321. Kí ni olùpín tó tóbi jù tí òun àti 123,456,789 jọ ní? Ọ̀nà Euclid ni pé kí ẹ fi kékeré pín ńlá, kí ẹ fi àṣẹ́kù pín kékeré, kí ẹ máa bá a lọ títí kò fi ní í ṣẹ́ ku nǹkan kan. 123,456,789 lọ́nà 8 jẹ́ 987,654,312. Ó ṣẹ́ ku 9. 9 sì pín 123,456,789 láìṣẹ́kù. Ó tán, 9 ni. Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé nọ́ńbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tètè juwọ́ sílẹ̀. Èmi gan-an ò rí èyí tó rẹwà jù ú lọ nínú gbogbo ìṣirò nọ́ńbà yìí.

Ibi tí àárín kò ti ṣe é gbà

Ọ̀nà Fermat yára nítorí pé 3,607 àti 3,803 sún mọ́ra. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ìyà ni. Ẹ wo 147,573,952,589,676,412,927, tó jẹ́ 2 lọ́nà ara rẹ̀ ní ìgbà 67, tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Ní 1644, Marin Mersenne kà á mọ́ púráìmù. Ní 1876, Édouard Lucas fi hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, láìrí olùpín rẹ̀ kankan. Ní October 1903, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York, Frank Nelson Cole gbé e kalẹ̀: 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287. Ẹni tó bá gba àárín wọlé fún èyí máa rin ìgbésẹ̀ tó ju bílíọ̀nù 368 lọ kó tó débẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣe é pín láìmọ ohun tó pín in. Ọ̀nà tí Lucas lò gùn ju ohun tí orí yìí lè gbé, ṣùgbọ́n Fermat ní ọ̀kan tó rọrùn. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ púráìmù, ẹ to 2 sílẹ̀ ní iye ìgbà tí nọ́ńbà náà jẹ́, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ yọ 2 kúrò, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ pín ohun tó kù. Ẹ fi 9 dán an wò: 2 mẹ́sàn-án jẹ́ 512, ẹ yọ 2, 510, 9 pín in, ó ṣẹ́ ku 6. 9 ti jẹ́wọ́, a ò sì tíì dárúkọ 3. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. 341 yege ìdánwò yìí, bẹ́ẹ̀ 11 lọ́nà 31 ni. Ẹni tó bá kùnà kì í ṣe púráìmù, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tó bá yege, ẹ má tíì bá a yọ̀.

Ìṣòro yìí kan náà ló ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Rivest, Shamir àti Adleman gbé ìlànà RSA jáde ní 1977. Púráìmù ńlá méjì la máa sọ di púpọ̀, a ó fi èsì rẹ̀ han gbogbo ayé, a ó sì fi àwọn méjèèjì pamọ́. Ẹni tó bá tú èsì náà palẹ̀ lè ṣírò irú iye tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, àṣírí á sì tú. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 129 kalẹ̀ pé kí ẹni tó bá lè tú u bọ́ síta. Ó di 1994 kí wọ́n tó rí i tú, pẹ̀lú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀. Ẹlẹ́yọ 250 tú ní 2020.

Gígùn nìkan kò tó ṣáá. Ní 2022, Hanno Böck, ará Jámánì, rí àwọn kọ́kọ́rọ́ RSA kan nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn tó ṣe é yan púráìmù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n gùn bó ti yẹ kí wọ́n gùn. Ó gba àárín wọlé pẹ̀lú ọgbọ́n ọdún 1643, ó sì tú wọn láàárín ìgbésẹ̀ díẹ̀.

Fún ọwọ́ yín

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8,051: ẹ gba àárín, ìgbésẹ̀ kan ló gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú 987,654,321. Ẹ má tíì gba àárín o. Ẹ yọ 9, ẹ fi 17 dán an wò, bó bá sì wọlé, ẹ tún fi 17 dán ohun tó kù wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èyí tó máa kù lẹ́yìn ìyẹn ní ẹyọ mẹ́fà, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 616 àti díẹ̀. Púráìmù ni, àmọ́ ẹ má gbà á lẹ́nu mi. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ yọ òdo iwájú kúrò lára nọ́ńbà fóònù yín, kí ẹ sì tú èyí tó kù palẹ̀: ẹyọ ìparí, àròpọ̀, mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn náà gbòǹgbò. Bí ìgbésẹ̀ ogún bá kọjá láti àárín tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ padà sísàlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 17.